Awò Tí Ó Dọ̀bálẹ̀ fún Adelé

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, ọdún 1997 ni, nídìí ìsọ̀ aláṣọ kan ní Tejúoṣó. Òjò ń rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè lọ sílé. Ẹni tí ó sọ ọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé aṣọ oníbàárà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn, olúkúlùkù ló sì fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni èyí tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ilé alájà mẹ́ta kan wà ní Yábàá nígbà náà tí ìjọba sọ di Ilé Ìwòràwọ̀, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè máa wá wo òṣùpá àti ìràwọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sórí àga olórí ni Olóyè Ọ̀mọ̀wé Bọ́lárìnwá Ọládèjì. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún yín kí ẹnikẹ́ni tó dí mi lẹ́nu: adelé ni. Ọ̀gá àgbà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ìjọba sì ní kí Bọ́lárìnwá bá àwọn di ipò náà mú ná. Ó ti dì í mú fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, adelé, ti wá di eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bí ó bá ń jẹun, ó ń gún un. Bí ó bá ń sùn, ó ń gún un. Akọ̀wé kan ṣèèṣì kà á síta níbi ìpàdé pé "Adelé Ọ̀gá Àgbà", bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́ ni wọ́n gbé e lọ sí etí ọ̀sà ní Ìwáyà, pé kí ó máa ṣọ́ ìràwọ̀ tí ó bá já sínú omi.

Kí ayé lè gbàgbé adelé, Bọ́lárìnwá ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sára ohun gbogbo. Ó gba akunlé kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀dà pupa ni ọkùnrin náà ń lò, ohun tí ó sì ń kọ kì í yàtọ̀: A RA ÈYÍ NÍ ÀKÓKÒ OLÓYÈ Ọ̀MỌ̀WÉ BỌ́LÁRÌNWÁ ỌLÁDÈJÌ, Ọ̀GÁ ÀGBÀ. Ó kọ ọ́ sára àga, ó kọ ọ́ sára tábìlì, ó kọ ọ́ sára korobá tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbálẹ̀ kò ní àyè tí wọ́n lè kọ nǹkan sí, nítorí náà wọ́n so pátákó kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ilé náà ló gba ọ̀dà jù lọ. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí ó má baà sọnù.

Ó sì sọnù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n dé ibi iṣẹ́, wọn kò bá a mọ́. Bọ́lárìnwá sunkún lórí rédíò. Ó ní, "Ẹni tí ó gbé jẹnẹrétọ̀ yìí, ìmọ́lẹ̀ ojú àwọn ọmọ wa ló gbé. Ilẹ̀ kò ní gbà á, òkè kò ní gbà á." Gbogbo Yábàá bá a kẹ́dùn. Láti ọjọ́ náà ni Ilé Ìwòràwọ̀ ti ń yá jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ oníbẹ́kìrì ẹ̀gbẹ́ wọn, èyí tí ń wúkọ́ bí arúgbó. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ńlá yẹn sọ́kàn fún mi, a óò padà sórí rẹ̀.

Ọkùnrin kan tún wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Oyèwọlé. Ìjọba gbà á pé kí ó máa tọ́jú àlejò. Àlejò kì í sábà wá, nítorí náà ó kó gbogbo ìtọ́jú náà lé ọ̀gá rẹ̀ lórí. Bí Bọ́lárìnwá bá sín, Oyèwọlé á ní, "Ẹ gbọ́ bí orí pípé ṣe ń sín." Bí ó bá sùn lọ níbi ìpàdé, á fọwọ́ bo ẹnu, á ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, pé ọ̀gá ń ronú.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kan láti òkè òkun fi awò ìràwọ̀ ta Ilé náà lọ́rẹ. Awò náà gùn, ó sanra tó ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ onímọ́tò tí ó lè yí i sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì. Wáyà kan ni wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ yìí mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ènìyàn bá ti tẹ orúkọ ìràwọ̀ tí ó fẹ́ rí, kọ̀ǹpútà á rán àṣẹ gba inú wáyà, mọ́tò á sì yí awò síbi tí ìràwọ̀ náà wà. Kámẹ́rà sì wà lẹ́nu awò náà, tí ń fi ohun tí ó bá rí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Bọ́lárìnwá kò jẹ́ kí wọ́n tú páálí rẹ̀ kí ó tó bá a sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú páálí, ó gbé ọwọ́ agbádá lé èjìká.

Ó ní, "Ìwọ awò, o ti rìn jìnnà. Ó lè dà bí ẹni pé òkun lo kọjá, ṣùgbọ́n mo sọ fún ọ, kádàrá lo kọjá. Níbi tí o dé yìí, ìwọ kọ́ ni yóò máa wo ìràwọ̀. Ìràwọ̀ ni yóò máa yọjú wo ìwọ àti ẹni tí ó ni ọ́."

Páálí kò dáhùn. Oyèwọlé pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì.

Ìdí tí inú Bọ́lárìnwá fi dùn tó bẹ́ẹ̀ nìyí. Kọmíṣọ́nà tí Ilé Ìwòràwọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣí awò náà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó ní bí awò bá lè fi òṣùpá han òun lójú gbogbo ènìyàn, níbẹ̀ gan-an ni òun yóò ti yọ adelé kúrò lára orúkọ ọ̀gá wọn. Láti ìgbà tí Bọ́lárìnwá ti gbọ́ ọ ni ó ti ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Ní òru, ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́ṣaléwá, á gbọ́ ọ tí ó ń sọ lójú oorun pé, "Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá Àgbà lásán. Kò sí nǹkan níwájú rẹ̀."

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ awò fún ni Hilda, ọmọbìnrin kan tí ó kàwé gboyè lórí ìmọ̀ ìràwọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lọ sórí òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò. Bọ́lárìnwá kọ̀ jálẹ̀. Orí tábìlì òun ní ìsàlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò wà, kí òun lè máa jókòó pàṣẹ.

"Ọ̀gá, wáyà tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò gùn ju ènìyàn kan lọ," ni Hilda wí. "Bí a bá fà á gùn dé òkè, ohùn kọ̀ǹpútà á ti rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀."

"Ṣé ohùn tèmi ń rẹ̀?"

"Rárá o, sà."

"Ta ló ń pàṣẹ fún awò?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

Oyèwọlé wúkọ́. Bọ́lárìnwá rẹ́rìn-ín músẹ́, bí olùkọ́ tí ọmọ ń ṣì í lọ́nà. "Orúkọ ta ló wà lára kọ̀ǹpútà?"

Hilda wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀dà pupa kò tíì gbẹ níbẹ̀. "Tiyín ni, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Wọ́n bá so wáyà mọ́ wáyà. Ó gba ojú fèrèsé ọ́fíìsì jáde, ó yí ọ̀pá omi ká, ó gba àtẹ̀gùn dé òkè. Hilda tẹ àṣẹ. Kọ̀ǹpútà pe awò, awò kò jẹ́. Hilda yọ wáyà kúrò nínú ihò kan lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó tì í bọ òmíràn. Awò kò jẹ́. Ó yí ìwọ̀n eré ọ̀rọ̀ wọn padà, kí àwọn méjèèjì lè máa sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí ọ̀kan má baà sáré ju èkejì. Awò kò jẹ́.

"Wáyà ló gùn jù, sà," ni ó tún wí.

Bọ́lárìnwá gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde, ó fi Oyèwọlé ṣe alága. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja, wọ́n wo wáyà láti ìdí dé orí, wọ́n sì gbé ìdájọ́ wá: ìhòòhò ni wáyà náà wà. Oyèwọlé fi ọ̀rọ̀ náà yé wọn dáadáa. Ó ní wáyà ni ìránṣẹ́ ọ̀gá, kò sì sí ìlú tí ìránṣẹ́ ọba ti í rin ìhòòhò tí wọ́n á dá a lóhùn. Wọ́n bá lọ ra àrán aláwọ̀ aró ní Tejúoṣó, wọ́n sì rán an sára wáyà láti ìsàlẹ̀ títí dé orí òrùlé.

"Wáyà tó wọ aṣọ ṣì gùn bákan náà, sà," ni Hilda wí.

"Ó gùn, ṣùgbọ́n ó ti níyì báyìí," ni Oyèwọlé dá a lóhùn.

Awò kò jẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bọ́lárìnwá lọ wo ilé tí ó ń kọ́ ní Àgùdà. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yà ní kọ̀rọ̀ báyìí, Hilda gbé kọ̀ǹpútà, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó tú gbogbo àrán dànù, ó fi wáyà kékeré so wọ́n pọ̀. Ó tẹ orúkọ òṣùpá. Mọ́tò kùn bí oyin, awò gbórí sókè, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, òṣùpá ọ̀sán sì yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó funfun, ó kún fún ihò.

Nígbà tí Bọ́lárìnwá padà dé tí ó rí i, ó ṣa àrán nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àrán yẹn ló ṣe é. Ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tú u."

Oyèwọlé ní òun náà rí i bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin gbé àga ọ̀gá lọ sórí òrùlé, ọ̀gá sì tẹ̀ lé àga rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Ó jókòó, ó ní kí Hilda tún un ṣe kí òun wò. Hilda tẹ̀ ẹ́. Awò yí, ó kọjá níwájú Bọ́lárìnwá, ó kọjú sí òṣùpá.

Ojú Bọ́lárìnwá yí padà. "Ó kọjá níwájú mi."

"Ọ̀nà ibẹ̀ ló gbà, sà."

"Ó kọjá níwájú mi, kò sì kí mi. Hilda, ṣé ẹ̀yin tí ẹ kàwé lóde òní kì í kí àgbà mọ́ ni? Ọmọ tí a bí ire á jí, á kọ́kọ́ kí bàbá rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Kọ ìkíni sínú kọ̀ǹpútà. Kí ó máa kí mi kí ó tó gbéra."

Hilda rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ó kọ ọ́ kí ó máa hàn lójú kọ̀ǹpútà: "Ẹ kú ọlá o, Olóyè Ọ̀mọ̀wé Bọ́lárìnwá Ọládèjì, Ọ̀gá Àgbà pátápátá, Ìmọ̀ bí òkun, Ọ̀rẹ́ òṣùpá, Àna ìràwọ̀, Ẹni tí òfúrufú ń bẹ̀rù." Bọ́lárìnwá kà á, ó tún un kà. Inú rẹ̀ fẹ́ dùn, àfi bí ó ṣe rántí nǹkan kan.

"Èyí, kọ̀ǹpútà ló ń kí mi. Awò ńkọ́?"

"Sà, awò kò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń gbọ́. Ọ̀kan ní kó gòkè, ọ̀kan ní kó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan ní kó yà sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, ọ̀kan ní kó dúró. Bó bá sì ti ń yí, kì í gbọ́ orúkọ ìràwọ̀ kankan títí ẹ ó fi ní kó dúró. Bí ẹ bá da odidi oríkì lé e lórí, á rò pé àṣẹ ni gbogbo ẹ̀."

"Ohun tó ń rí ojú ọ̀run ni kò ní mọ ìkíni? Fi gba inú wáyà."

"Yóò dàrú, sà."

"Hilda, ṣé o mọ bí afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà ṣe ń tutù tó ní Ìwáyà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ibẹ̀ ni mò ń gbé."

Bọ́lárìnwá ronú díẹ̀. "Nígbà náà, Àgbádárìgì ni."

Ilé tí Hilda yá kò jìnnà síbi iṣẹ́, kò sì fẹ́ Àgbádárìgì. Ó fi ìkíni gba inú wáyà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ níbí. Oríkì wọ inú mọ́tò. Awò gbọ̀n díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó gbọ̀n sósì, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ba díẹ̀díẹ̀, títí imú rẹ̀ fi kọjú sí bàtà Bọ́lárìnwá. Hilda na ọwọ́ sí àpótí kékeré kan tí ó rọ̀ sára ẹsẹ̀ awò, ó tẹ bọ́tìnì ìdúró. Awò dúró síbẹ̀ pẹ̀lú orí nílẹ̀.

Oyèwọlé ló kọ́kọ́ kígbe. "Ó dọ̀bálẹ̀."

Omi lé ròrò lójú Bọ́lárìnwá. Ó dìde lórí àga, ó fọwọ́ pa awò lẹ́yìn. "Dìde, ọmọ mi," ni ó wí.

"Ó bàjẹ́ ni, sà," ni Hilda wí. "Ẹ jẹ́ kí n yọ ìkíni yẹn kí n tún un ṣe."

"Tún kí ni ṣe? Ta ló ń tún ìtẹríba ṣe? Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà níbí, ènìyàn ẹlẹ́ran ara kò dọ̀bálẹ̀ fún mi báyìí rí." Oyèwọlé, tí ó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà, wo ilẹ̀. "Àpótí wo sì ni ìyẹn tó dá a dúró? Ì bá máa tẹríba lọ." Ó yọ àpótí ìdúró kúrò lára awò, ó jù ú sínú àpò agbádá rẹ̀.

Hilda wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ó so lẹ́tà kan ṣoṣo mọ́ ìdí ìkíni, lẹ́tà tí ó ń sọ fún mọ́tò pé kí ó dúró. Báyìí, awò á tẹríba, á gbọ́ pé kí òun dúró, á dúró, lẹ́yìn náà á gba àṣẹ òṣùpá, á gbórí sókè. Wọ́n dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n tún un dán wò, ó ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, Bọ́lárìnwá ì bá wà lórí àga títí di òní, èmi náà ì bá wá ìtàn mìíràn sọ.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí ó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, Bọ́lárìnwá lọ sí ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó sì gba oyè tuntun bọ̀. Bàbá Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi í jẹ. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wákàtí díẹ̀ kí Kọmíṣọ́nà tó dé, ó rántí pé awò kò tíì gbọ́. Ó rán Hilda sísàlẹ̀ pé kí ó lọ mú òdòdó dání dúró de àlejò, òun àti Oyèwọlé sì jókòó ti kọ̀ǹpútà.

"Kí lèyí tó wà nídìí orúkọ mi yìí?" ni Bọ́lárìnwá bi í. "Lẹ́tà kan péré, ó rọ̀ síbẹ̀ bí ìrù."

Oyèwọlé tẹ ojú mọ́ ọn. "Kò nítumọ̀ kankan, sà. Ó dà bí ìgbà tí ẹyẹ ṣu sórí aṣọ àrán."

"Pa á rẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí o kọ Bàbá Ìmọ́lẹ̀ sí. Òun ni kí awò gbọ́ kẹ́yìn."

Oyèwọlé pa á rẹ́. Nínú gbogbo oyè tí Bọ́lárìnwá ní, kò wá sí ibì kankan mọ́ tí wọ́n ti ní kí ohunkóhun dúró.

Kọmíṣọ́nà dé nígbà tí oòrùn ṣì ku díẹ̀. Òrùlé kún. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tò lọ́wọ́ ẹ̀yìn, àwọn ọlọ́pàá Kọmíṣọ́nà dúró ti tẹlifíṣọ̀n, òṣùpá sì ti wà lókè láti ọ̀sán, ó ń dúró dè wọ́n. Oyèwọlé ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa, ó ti fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀, ó ti fi gbogbo wáyà iná pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ojú àlejò má baà rí ìdọ̀tí, ó sì gbé àga Kọmíṣọ́nà lé ibi tí púlọ́ọ̀gì wà gan-an.

Bọ́lárìnwá dìde. "Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó wí, "kí a tó bí mi, òṣùpá ti wà. N kò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n òṣùpá tí kò ní ẹni tí yóò fi í hàn, kí ló yàtọ̀ sí fìtílà tí a tan sínú àpótí? Ọ̀pọ̀ ló ti jókòó sórí àga yìí, wọ́n jókòó lásán. Èmi jókòó, àga mọ̀ pé ẹnìkan jókòó." Ó sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ nípa bí ìràwọ̀ kan ṣe dúró lókè ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó sọ nípa jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n jí gbé, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n.

"Olóyè," ni Kọmíṣọ́nà wí, "òṣùpá ni mo wá wò."

Bọ́lárìnwá na ìka, ó tẹ kọ̀ǹpútà. Ìkíni wọ inú wáyà.

Awò tẹríba. Àtẹ́wọ́ sọ. "Ẹ wò ó, mà," ni Bọ́lárìnwá wí, "kò tíì rí òṣùpá kó tó rí àgbà." Awò tún tẹríba sí i. Ó tẹríba ju bí ó ṣe yẹ lọ, imú rẹ̀ kan ilẹ̀. Àtẹ́wọ́ dín kù. Lẹ́yìn náà ni oríkì dé orí Bàbá Ìmọ́lẹ̀.

Awò fò dìde, ó yí sósì, ó gbá fìlà Bọ́lárìnwá lórí. Fìlà náà ré kọjá etí òrùlé, ó lọ bá gọ́tà ní ìsàlẹ̀. Awò yí padà, ó gbá òdòdó Kọmíṣọ́nà dànù, ó fọ́ àga méjì, orúkọ ọ̀gá sì wà lára àwọn méjèèjì. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oyèwọlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó fi tọkàntọkàn ṣe é.

"Àpótí ìdúró dà, sà?" ni Hilda bi í láti abẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà.

"Ó wà nínú àpò agbádá mi."

"Ẹ mú un wá."

"Agbádá ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀."

Hilda fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ, ṣùgbọ́n mọ́tò ti gba àṣẹ tirẹ̀. Hilda rá pálá lọ wá púlọ́ọ̀gì, ó bá ẹsẹ̀ Kọmíṣọ́nà. Nígbà tí ó yá, awò há mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, mọ́tò ké, ó rú èéfín, ó sì dákẹ́. Ọ̀nà Sùúrùlérè ni imú awò kọjú sí, lórí àwọn òrùlé, ó ń wò gangan.

Nǹkan kan yọ lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Òṣùpá nìyẹn," ni Oyèwọlé wí láti ilẹ̀.

Kọmíṣọ́nà wò ó. "Òṣùpá tó ní páìpù èéfín?"

Àwòrán inú awò bẹ́ẹ̀ kì í dúró lóòró bí a kò bá tíì tún un tò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń wà lókè. Kọmíṣọ́nà da orí délẹ̀ kí ó lè rí i. Gbogbo àlejò da orí délẹ̀, àtàwọn ọmọ ilé-ìwé. Obìnrin kan wà nínú àwòrán náà tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń rọ epo dísẹ̀lì sínú irin ńlá kan.

"Ẹ dojú tẹlifíṣọ̀n yẹn dé," ni Kọmíṣọ́nà wí. Àwọn ọlọ́pàá méjì gbé e, wọ́n fi orí rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ilé àwòyanu ni. Dẹ́kìn òkè pátápátá nínú ilé tuntun kan ní Àgùdà ló hàn, níbi tí ojú ará ilẹ̀ kò lè tó, àfi ojú ẹyẹ àti ojú ẹni tí ó bá ní awò. Wọ́n ti ká tápólì kúrò lórí irin ńlá náà, nítorí pé ẹ̀rọ amómitutù mẹ́ta ń bẹ nísàlẹ̀ tí wọ́n ń mú ọtí tutù de àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu ọjọ́ tí adelé yóò kúrò lára orúkọ ọ̀gá. Obìnrin tí ó ń rọ epo ni Ọmọ́ṣaléwá. Lára irin náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀dà pupa ń tàn.

Kọmíṣọ́nà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó kà á sókè, kò sì yára. "A ra èyí, ní àkókò, Olóyè, Ọ̀mọ̀wé, Bọ́lárìnwá, Ọládèjì." Ó yíjú. "Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ sunkún lé lórí rédíò kọ́ nìyí?"

"Orúkọ ènìyàn máa ń jọra, mà."

"Àti oyè?"

Bọ́lárìnwá wo Oyèwọlé. Oyèwọlé ti dìde, ó ń gbọn eruku aṣọ nù, ó sì ti yí ẹ̀yìn sí i. "Kọmíṣọ́nà mà," ni Oyèwọlé ń sọ, "láti ìgbà tí ẹ ti wọlé ni mo ti ń wò ó pé orí yín ni orí pípé."

"Olóyè, mo bi yín léèrè," ni Kọmíṣọ́nà wí. "Ohun tó bá sọnù nínú ilé yìí, ọrùn Ọ̀gá Àgbà ló wà. Ṣé ẹ̀yin ni Ọ̀gá Àgbà ibí?"

Kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn, ìkíni ṣì wà lójú rẹ̀ láti orí dé ìdí. Bọ́lárìnwá wò ó. Ó fọwọ́ kan orí níbi tí fìlà wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń gbìyànjú láti tu eegun yẹn jáde, báyìí ó dì í mú bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń di igi mú.

"Rárá o, mà," ni ó wí. "Adelé ni mí."

Hilda ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n dání. Kọmíṣọ́nà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe délé mọ́," ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ohun tí ó sọnù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nìyí: fìlà kan, àga méjì, àpótí ìdúró kan tí alágbàfọ̀ ní òun kò rí, mọ́tò awò ìràwọ̀ kan tí kò yí mọ́ fún ọdún méjì, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kò fi rí òṣùpá tí wọ́n wá wò, ipò kan, pẹ̀lú adelé rẹ̀. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ padà wá láti Àgùdà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, epo ṣì kún inú rẹ̀. Òun kò sí lára ohun tí ó sọnù. Kò sọnù rí.